Àwọn Ọmọ Wa Tí Ó Kù Sí Ìsàlẹ̀ Àtẹ̀gùn

Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kò tó 460,000. Ní ọdún náà wọ́n lé ní 811,000. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí mọ ibi tí owó náà ti wá. Láti inú owó orí ni, àti láti inú kòkó tí àwọn bàbá yín sá sí orí ẹní ní Oǹdó, ní Ìdànrè, àti ní àwọn abà tí ó wà káàkiri ẹ̀bá Àkúrẹ́. Bàbá tí kò mọ Á yàtọ̀ sí B ni ó san owó kí ọmọ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè gba ògo náà lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn náà, àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò lè bá ẹgbẹ́ wọn rìn wọlé. Afọ́jú jókòó sí ilé. Adití bá ìyá rẹ̀ lọ sí oko. Arọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó ń lé adìẹ kúrò lórí kòkó tí a sá, kòkó tí a ó tà kí àbúrò rẹ̀ lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. A kò pè wọ́n ní ẹni tí a rẹ́ jẹ. A ní bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe wọ́n. Lónìí, nípa ìfaradà tiwọn àti ti òbí wọn, àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti là á já. Wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà, wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ti yege nínú ìdánwò JAMB, wọ́n sì ti dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Ibẹ̀ ni wọ́n kù sí. Ọ̀rọ̀ wọn ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, abà wọn kò sì jìnnà sí ojú ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀kadà kọ lù ú, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀, ó fi san owó ilé ìwòsàn. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò san, ó ní bí ẹsẹ̀ kò bá lè gbé ọmọ òun, ìwé yóò gbé e. Ọmọ náà mú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó ka ìwé títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Àwa fúnra wa lọ síbẹ̀, a sì ka àtẹ̀gùn náà: méjìdínlógójì ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ àgbẹ̀ bíi tirẹ̀, a máa pọ̀n ọ́n lọ sókè ní àárọ̀, a sì máa pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Nítorí èyí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í mu omi ní òwúrọ̀, kí ó má baà di pé yóò tún bẹ ẹnìkan láti gbé òun lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òbí: ọmọ ogún ọdún ń fi òùngbẹ ra ẹ̀kọ́.

Ó wá di ọjọ́ ìdánwò, ibà gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró sí ìsàlẹ̀ títí, kò rí ẹni pọ̀n ọ́n, nítorí pé olúkúlùkù ń sáré tirẹ̀. Ó bá fi ọwọ́ àti ìdí wọ́ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn méjìdínlógójì náà. Nígbà tí ó fi dé òkè, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Ẹni tí ń ṣọ́ ìdánwò náà kì í ṣe ìkà ènìyàn; ó jẹ́ kí ó wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago lù, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ó ní òfin ni. Ọmọ náà kò yege nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo náà, ó sì di ọ̀ranyàn fún un láti tún un ṣe ní ọdún kejì.

Ǹjẹ́ ta ni ó jẹ̀bi? Gbogbo wọn ni wọ́n pa òfin mọ́. Bí a bá ní kí ẹyẹ àti ẹja jọ fi ìyẹ́ fò, tí a sì lu aago kan náà fún àwọn méjèèjì, a kò lè sọ pé a ti ṣe ìdájọ́ òdodo nítorí pé aago náà pé.

Ọ̀rọ̀ adití kò yàtọ̀. Ọmọbìnrin kan tí a bá sọ̀rọ̀, nípa kíkọ sínú ìwé, ní òun a máa wo ẹnu olùkọ́ láti mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà a máa kọjú sí pátákó nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni ọmọ náà sì ń kà. Ó kọ ọ́ fún wa pé, “Mo mọ gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ láti ẹ̀yìn.” Ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń kọ ọ́, àwa kò lè rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà a máa wí pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ni í bá a lé eṣinṣin. Òwe náà dára lẹ́nu ẹni tí ó ti ṣe gbogbo èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni màlúù bá jókòó sábẹ́ igi, tí ó ní ọwọ́ méjì, tí ó ń wo eṣinṣin, tí ó sì ń pa òwe yìí, kì í ṣe Ọlọ́run ni ó ń yìn. Ọ̀lẹ ara rẹ̀ ni ó ń bò. Ó ti pẹ́ tí ìlú wa ti ń fi òwe yìí sùn. Ní ọ̀nà yìí, àwọn baba ńlá wa tilẹ̀ sàn jù wá lọ. Wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ abuké, arọ àti àfín, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Ẹni tí ó bá ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà mọ̀ pé òun ń bá ẹni tí ó mọ wọ́n jà. Ìbẹ̀rù náà ti lọ kúrò lára wa. Kí ni a fi dípò rẹ̀?

A fi òfin dípò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò mọ̀. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya àwọn abirùn sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. (Àkàndá ẹ̀dá ni àwọn kan fẹ́ kí a máa pè wọ́n nísinsìnyí, orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kò mọ orúkọ.) Òfin náà sọ pé ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò san 1,000,000 náírà, àti pé ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá ṣe é yóò san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ó fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ inú wọn. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Jánúárì ọdún 2024. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àyè ṣì wà ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Nípa ẹ̀kọ́ gan-an, òfin yìí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìbáà ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe girama, ìbáà ṣe ilé ẹ̀kọ́ gíga, gbọdọ̀ ní ó kéré tán ẹnìkan tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ títọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn abirùn, kí ó sì ní ohun èlò tí wọn yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ó ní kí ìwé oníhóró tí afọ́jú ń fi ọwọ́ kà, tí à ń pè ní Braille, àti èdè tí adití ń fi ọwọ́ sọ, wà lára ohun tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan pẹ̀lú: òfin náà fún abirùn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé ẹ̀kọ́ girama, ibẹ̀ ni ọ̀fẹ́ náà sì dúró sí. Bí ọmọ bá wọ Yunifásítì, bàbá rẹ̀ ni yóò ra kẹ̀kẹ́, bàbá rẹ̀ ni yóò wá ẹni tí yóò máa ka ìwé sí i létí, bàbá kan náà ni yóò sì san owó ilé ẹ̀kọ́ bí ti àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí ìlera fún ọmọ ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, owó ni àgbẹ̀ yìí fi ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá sún mọ́ ilé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní Àkúrẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí a ti kéde Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Action Group, ní ọdún 1951. Àwọn ọmọ tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí kì í ṣe ọmọ àlejò. Ọmọ wa ni wọ́n. Níbo ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn èyí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni Ìjọba Àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sí ní ọdún 1977 fún kíkọ́ àwọn olùkọ́ abirùn, àwọn abirùn fúnra wọn sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. A dúpẹ́ fún Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà ní Oǹdó, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Adéyẹmí sì ti wà ní Oǹdó kan náà ó ti pẹ́. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ adití tí ó fẹ́ kọ́ nípa ilẹ̀ àti irúgbìn, tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àkúrẹ́, máa rò pé Yunifásítì tí ó wà ní Àkúrẹ́ yìí kan náà kò kan òun?

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ni ó jẹ wá lógún jù, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kánọ́ọ̀nù M. C. Adéyẹmí, ẹni tí a fi ilé ẹ̀kọ́ náà sọ orí rẹ̀, ni ó dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní ọdún 1919, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tí ì rí ìdí tí ọmọ àgbẹ̀ fi ní láti mọ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ti di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe olùkọ́. Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ yín ní Ilé-Olújì, ní Oǹdó, ní Bọ́lọ́rundúró, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti jáde. Bí ọmọ ọdún méjìlélógún bá lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ láìrí afọ́jú kan kí ó jókòó ti òun, láìrí adití kan kí ó béèrè ọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀kọ́, kí ni yóò ṣe ní ọjọ́ tí ìyá kan bá mú ọmọ adití wá sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní abúlé? Yóò ní, “Màmá, ẹ mú un padà sí ilé, ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wà ní Àkúrẹ́.” Kò ní mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Ohun tí a kò fi han olùkọ́, kò lè fi han ọmọ. Ṣùgbọ́n bí òun àti adití bá ti jọ kọ́ ẹ̀kọ́, tí ó ti mọ ìwọ̀nba èdè ọwọ́ nítorí pé ó fẹ́ yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwé, ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn tí yóò fún ìyá náà.

A kò sọ pé àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dárúkọ wọ̀nyí ká ọwọ́ gbera. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n kéde rẹ̀ fún ìlú, kí a lè gbọ́: ta ni ẹni náà tí òfin ní kí ó wà, yàrá wo ni ó ń jókòó sí, èló ni a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó sì ti ràn lọ́wọ́? Ẹni tí ó bá ní ìdáhùn rere, ìwé ìròhìn yìí yóò fi ayọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí fún wa pé kò ṣeé ṣe ní ilẹ̀ yìí. Àwọn tí ń ṣe ìdánwò JAMB ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Láti ọdún 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, wọ́n kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ni alága wọn, wọ́n sì ṣètò ìdánwò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú ní ibùdó tiwọn, pẹ̀lú ìwé oníhóró àti àkókò tí ó tó. Ìbéèrè kan náà ni, ìmọ̀ kan náà ni a ń wọ̀n. Òṣùwọ̀n nìkan ni a tún ṣe. Ǹjẹ́ kí ni ó dé tí ọmọ tí a wọ̀n dáadáa ní ẹnu ọ̀nà yóò fi wọlé tán kí òṣùwọ̀n náà tó sọnù?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Ed Roberts. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Inú ẹ̀rọ irin kan ni ó ń sùn kí ó lè mí. Ní ọdún 1962 ó fẹ́ wọ Yunifásítì ní Berkeley. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ kọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ran abirùn lọ́wọ́ sì sọ pé ara rẹ̀ kò dá tó èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ láéláé. Nígbà tí ó rinkinkin, wọ́n fún un ní yàrá nínú ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ ni ó ń gbé tí ó ń kàwé. Ó gba oyè. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gómìnà fi í ṣe olórí ilé iṣẹ́ kan náà tí ó sọ pé kò lè ṣiṣẹ́. Bí a bá sì fẹ́ gbọ́ ti ọ̀dọ̀ wa, Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet ní ọdún 1954, ni ó wá dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1957, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1960 láti dá òmíràn sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣí ilẹ̀kùn fún adití kan. Adití kan náà wá ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tí kò lóǹkà ní ilẹ̀ wa.

A mọ̀ pé owó ni àwọn kan yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àgbẹ̀ mọ ìdáhùn sí ìyẹn. Ẹni tí ó bá la ipa omi sínú oko kí ó tó gbin kòkó, wàhálà rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó gbin kòkó tán kí ó tó rántí omi, yóò gé igi. Ọ̀nà tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn kò ju yanrìn, sìmẹ́ǹtì àti iṣẹ́ bíríkìlà díẹ̀ lọ bí a bá ń kọ́ ilé lọ́wọ́. Ìṣòro wà lára ilé tí a ti kọ́ tán, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Kí a gbé ẹ̀kọ́ tí arọ wà nínú rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ kí a sì gbé òmíràn lọ sí òkè, èló ni? Kí olùkọ́ kọjú sí àwọn tí ó ń kọ́, èló ni? Kí a fi ìdajì wákàtí kún àkókò ìdánwò ẹni tí ń fi ìka kàwé, èló ni? Kí a fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí orí fóònù afọ́jú, èyí tí ó lè kà á sí i létí, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èló ni? Ògbufọ̀ fún adití ni ó gba owó oṣù, a sì gbà pé ó yẹ kí ìjọba san án, bí ó ti ń san ti ẹni tí ń ṣọ́ géètì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ wà fún yín. Ní ìpàdé wọ́ọ̀dù tí ń bọ̀, ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò láti lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Àbújá, ẹ bi í bóyá ó ti ka òfin ọdún 2019 náà, kí ẹ sì bi í ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ abirùn yóò kọjá girama. Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó tí ẹ ń kó owó jọ nígbà ọdún Ekímọgún, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìkọ̀wé afọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí tí ẹ sì ń kọ́ gbọ̀ngàn fún wọn ní orúkọ yín, kí ẹ tó gbẹ́ orúkọ sára ògiri, ẹ wo bí arọ yóò ṣe wọlé wá kà á. Bí bàbá kan bá sì wà ní abà tí ó fi ọmọ pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé nítorí ìtìjú, kí akọ̀wé ẹ̀ka lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, kí ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ó sì sọ fún un pé ilé ẹ̀kọ́ wà ní Àkúrẹ́ àti ní Ọ̀wọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, ó sì yege. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń pọ̀n ọ́n yóò jáde ní ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọdún yìí, òun sì ku ọdún kan. A kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ọdún tí ó kù náà wá sí yàrá ìsàlẹ̀. A ń retí èsì.